Bàálù Gbéra ní Alẹ́, Ó Balẹ̀ ní Ìdájí: Wákàtí Mélòó Ló Lò?

Abala Ẹ̀kọ́ Ọ̀sẹ̀ Yìí ló tún dé. Ohun tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ ni jíjìn tó wà láàárín pápákọ̀ òfúrufú méjì àti iye wákàtí tí bàálù máa ń lò láàárín wọn. Ẹni tó bá ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìyẹn, kó dúró kó kà á. Àṣìṣe tèmi gan-an ló jẹ́ kí n kọ ọ́, àṣìṣe náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá ìyá bàbá mi.

Ní oṣù January tó kọjá, àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì, lọ bá ọkọ wọn ní ìlú Atlanta, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé ọmọ wọn tí kò tíì pé ọdún kan dání. Ìyé àgbà, ìyẹn ìyá bàbá mi, ti ń di púpurú àti ẹja gbígbẹ fún wọn láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Aago 9 àárọ̀ ni ọkọ̀ gbé Àǹtí kúrò ní Òkìtìpupa, wọ́n gba Ọ̀rẹ̀, wọ́n sì dé Ìkẹjà ní aago 3 ọ̀sán. Kí wọ́n tó wọlé lọ, wọ́n fi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì wọn ránṣẹ́ sórí fóònù ilé. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

Gbéra ní Èkó: 10:45 alẹ́.
Balẹ̀ ní Atlanta: 5:15 ìdájí ọjọ́ kejì.

Ìyé àgbà pè mí. Wọ́n ní, "Ọma mi, ìwọ tí wọ́n ní o mọ ìṣirò, wákàtí mélòó ni wọn yóò lò lókè?" Èmi ò tiẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Láti 10:45 sí 5:15, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 30 ni. Mo tún fi ìgbéraga fi kún un pé, "Ìyé, bí aago bá ti lu 5:15 ní ìdájí, ẹ pè wọ́n. Wọ́n á ti balẹ̀."

Ìyé àgbà ò sùn dáadáa. Nígbà tó di 5:15, wọ́n ní kí n pe nọ́ńbà Àǹtí. Kò lọ. A pè é ní aago 6, kò lọ. Ní aago 7, bákan náà. Nígbà tí yóò fi di aago 8, Ìyé àgbà ti ká ọwọ́ lérí, wọ́n ń sunkún pé òkun ti gbé ọma àwọn lọ. Àwọn aládùúgbò ti kún ojúde wa. Bàbá mi ti jáde lọ sí Igbókòdá láti ìdájí, fóònù wọn ò sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, Ìyé àgbà ní orí ń kọ́ àwọn. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ní ó ti ga jù, kí wọ́n dùbúlẹ̀ kíá.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, mo ń tún ìṣirò mi ṣe. Bí mo ṣe ṣe é tó, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 30 náà ló ń jáde. Nọ́ọ̀sì yẹn wo ohun tí mo ń ṣe, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Aago 5:15 tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn, aago ibo ni?"

Ẹnu mi wọhò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Houston. Tí ilẹ̀ bá mọ́ níbí, òru ṣì ni lọ́dọ̀ wọn. Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, wọn ò tíì dé ni."

Nígbà tó di 11:40, fóònù dún. Àǹtí ni. Wọ́n ní, "A ti balẹ̀ o. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ níbí." Wákàtí mẹ́fà gbáko ni mo fi jẹ ìyá àgbàlagbà kan níyà, nítorí pé mo ṣe àyọkúrò kan tí kò yẹ kí n ṣe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn olùkọ́ wa ní Maths àti Geography ní ìbéèrè. Ohun tí mo kọ́ nìyí.

1. AAGO TA NI WỌ́N KỌ SÓRÍ TÍKẸ́Ẹ̀TÌ?

Aago ìlú tí bàálù ti gbéra ni wọ́n fi ń kọ àkókò ìgbéra. Aago ìlú tó ń lọ ni wọ́n fi ń kọ àkókò ìbalẹ̀. Aago méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá mú ọ̀kan yọ kúrò nínú èkejì, ọsàn ló ń yọ kúrò nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn.

Kí ló fa ìyàtọ̀ aago? Ayé wa rí róbótó, ó sì ń yí po lójúmọ́. Ìyípo kan jẹ́ 360°, wákàtí 24 ló sì fi ń ṣe é. Ẹ pín 360 sí ọ̀nà 24, ẹ ó rí 15. Ìyẹn ni pé 15° ni ayé ń yí ní wákàtí kan, ó sì ń lo ìṣẹ́jú 4 fún 1° kọ̀ọ̀kan. Ìhà ìlà oòrùn ló ń yí sí, nítorí náà àwọn tó wà ní ìlà oòrùn ló ń kọ́kọ́ rí oòrùn. Àwa ń rí i ṣáájú àwọn ará Atlanta. Bí àwa bá ti ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ níbí, wọ́n ṣì ń hanrun lọ́hùn-ún.

Àwọn ìlà tí a fi ń wọn èyí ni à ń pè ní longitude. Òǹkà wọn bẹ̀rẹ̀ láti 0° ní Greenwich, ní London. Ní ọdún 1884 ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣe ìpàdé ní Washington, tí wọ́n fẹnu kò pé ibẹ̀ ni kí òǹkà ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà 0° yìí kò jìnnà sí wa rárá, nítorí ó gba ìlú Tema kọjá ní Gánà. Ibi tó bá wà ní ìlà oòrùn rẹ̀, aago wọn á ṣáájú. Ibi tó bá wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, aago wọn á gbẹ́yìn.

Èkó wà ní nǹkan bí 3°E. Atlanta wà ní nǹkan bí 84°W. Nítorí pé ọ̀kan wà ní E tí èkejì sì wà ní W, ẹ má yọ ọ́ o, ẹ ró o pọ̀:

3 + 84 = 87
87 ÷ 15 = 5.8

Wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 48 nìyẹn. Àmọ́ aago ò lè máa yàtọ̀ láti abúlé sí abúlé. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, aago Òkìtìpupa ì bá fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 ṣáájú ti Èkó, awakọ̀ àti èrò ì bá sì máa jà lójoojúmọ́ ní páàkì. Nítorí náà àwọn orílẹ̀-èdè yan ìlà tí wọn yóò máa fi aago wọn sí. Nàìjíríà yan 15°E. Àwọn ará Atlanta ń lo 75°W. Ẹ wá ṣírò rẹ̀:

15 + 75 = 90
90 ÷ 15 = 6

Wákàtí mẹ́fà géérégé. Iye wákàtí tí Ìyé àgbà fi sunkún náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Ìlà 15°E tí a fi aago wa sí kò tiẹ̀ wọ inú Nàìjíríà, ẹ̀yìn ààlà wa ní ìhà Chad àti Cameroon ló gbà kọjá. Òkìtìpupa wà ní nǹkan bí 5°E, nítorí náà oòrùn ò kì í dé àárín ọ̀run lọ́dọ̀ wa ní aago 12. A fi 10° jìnnà sí ìlà náà, 10 × 4 sì jẹ́ ìṣẹ́jú 40. Àárín 12:25 sí 12:55 ni oòrùn wa máa ń wà ní ibi tó ga jù, ó kàn yàtọ̀ láti oṣù sí oṣù. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì dán an wò ní òpin January. A ri igi kan mọ́lẹ̀ ní pápá ìtòjọ wa, a ń sàmì sí orí òjìji rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Nǹkan bí 12:50 ni òjìji náà kúrú jù. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó mú igi tirẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí a kọ́kọ́ sọ aago méjèèjì di aago kan ṣoṣo:

Ìgbéra: 10:45 alẹ́, aago Nàìjíríà.
Ìbalẹ̀: 5:15 ìdájí, aago Atlanta. Fi 6 kún un, ó di 11:15 àárọ̀, aago Nàìjíríà.
Láti 10:45 alẹ́ sí 12 òru: wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15.
Láti 12 òru sí 11:15 àárọ̀: wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 15.
Àpapọ̀: wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 30.

Ẹ wá wo ìrìn àjò ìpadàbọ̀. Ká ní bàálù gbéra ní Atlanta ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, ó sì balẹ̀ ní Èkó ní aago 10 àárọ̀ ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá ṣe é bí mo ṣe ṣe tèmi, ẹ ó ní wákàtí 17 ni. Irọ́ ni. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ Atlanta jẹ́ aago 11 alẹ́ níbí. Láti 11 alẹ́ sí 10 àárọ̀, wákàtí 11 péré ni. Ṣé ẹ rí i? Àṣìṣe kan náà ló sọ wákàtí 12 àbọ̀ di 6 àbọ̀ ní àlọ, òun náà ló sì sọ wákàtí 11 di 17 ní àbọ̀.

2. BÁWO NI Ó ṢE JÌNNÀ TÓ?

Ibí ni ẹ̀yin SS 2 àti SS 3 ti gbọ́dọ̀ la etí yín, nítorí WAEC fẹ́ràn ìbéèrè yìí.

Ọ̀nà tó kúrú jù láàárín ibi méjì lórí nǹkan róbótó kì í ṣe ìlà gbọọrọ. Ó máa ń tẹ̀ mọ́ ara nǹkan náà. Ìyípo tó bá gba àárín gbùngbùn ayé, tó pín in sí ọgbọọgba méjì, ni olùkọ́ wa ń pè ní great circle. Gbogbo ìlà longitude wà lára irú ìyípo bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ìlà latitude, ìlà agbedeméjì ayé nìkan ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyípo yìí gùn tó nǹkan bí 40,000 kìlómítà.

Ẹ jẹ́ ká fi Èkó àti London ṣe é ná, nítorí pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí longitude kan náà. Latitude Èkó jẹ́ 6.5°N, ti London jẹ́ 51.5°N. Méjèèjì wà ní N, nítorí náà a ó yọ ọ́:

51.5 − 6.5 = 45°

Jíjìn = 45/360 × 2 × 22/7 × 6400
= 1/8 × 40,229
= 5,029 kìlómítà

Nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni jíjìn rẹ̀ gan-an, nítorí pé 6400 tí à ń lò nílé ìwé fi díẹ̀ ju ohun tó wà lóòótọ́ lọ. Àbí ẹ ò rí bó ṣe dán mọ́rán? Èkó sí London jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ gbogbo àyíká ayé! Ẹni tó bá fi ìgbà mẹ́jọ rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láìyà, á padà sí ibi tó ti gbéra.

Àwọn bàbá wa àgbà tó lọ kàwé ní ìlú Òyìnbó láyé ọjọ́un, ojú omi ni ọ̀pọ̀ wọn gbà. Ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951, ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì láti Liverpool sí Èkó. Lónìí, bàálù ń lo nǹkan bí wákàtí mẹ́fà àbọ̀ láti Èkó sí London. Ní ọjọ́ 30, oṣù March, ọdún 2024, Air Peace tó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick, ọ̀kan nínú àwọn pápákọ̀ òfúrufú London.

Èkó sí Atlanta wá ńkọ́? Latitude wọn yàtọ̀, longitude wọn yàtọ̀. Ìlànà tí a fi ṣe ti London ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà kan wà tí ọmọ JSS 1 pàápàá lè ṣe, òwú ránṣọránṣọ lásán ló gbà. Olùkọ́ Geography wa yá mi ní globe tó wà nínú yàrá wọn. Ohun tí mo ṣe rèé:

Mo fi òwú yí ìlà agbedeméjì ayé po lára globe náà, mo sì wọn òwú náà lórí rúlà. Ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 94. Mo tún fi òwú mú Èkó, mo fà á le dé Atlanta, mo sì wọn ìyẹn náà. Ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22. Nígbà náà:

22/94 × 40,000 = 9,362 kìlómítà

Nǹkan bí 9,400 kìlómítà ni jíjìn rẹ̀ gan-an. Òwú tèmi ò já mi kulẹ̀! Ohun mìíràn tí òwú náà fi hàn mí ni ọ̀nà tó gbà. Lórí àwòrán ayé pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri kíláàsì wa, ìlà gbọọrọ láti Èkó sí Atlanta ń gba Gánà, Ivory Coast àti Guinea bọ́ sínú òkun. Lórí globe, òwú náà gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó gba Benin, Tógò, àríwá Gánà, Burkina Faso, Málì àti Mauritania kí ó tó bọ́ sórí òkun Àtìláńtíìkì. Globe rí róbótó bí ayé, nítorí náà òun ni kí ẹ gbà gbọ́.

3. ERÉ ÀTI AFẸ́FẸ́

Bàálù ńlá ń sá nǹkan bí 900 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tó bá ti dé òkè. Ẹ pín 9,400 sí 900, wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 27 ni. Wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 30 ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Níbo ni wákàtí méjì tó kù lọ?

Èkíní, afẹ́fẹ́ ni. Ní òkè réré, níbi tí bàálù ti ń fò, afẹ́fẹ́ líle kan máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, pàápàá ní agbègbè tí Amẹ́ríkà wà, ó sì máa ń le sí i nígbà òtútù wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lórí odò Olúwa mọ ohun tí mo ń sọ. Bí o bá ń wà á tẹ̀lé omi, ọkọ̀ á máa sáré. Bí o bá kọjú sí omi, apá á ro ọ́, bèbè odò á sì dà bí ẹni tí kò kúrò lójú kan. Ká ní afẹ́fẹ́ ń ti bàálù sẹ́yìn ní 70 kìlómítà ní wákàtí kan:

Àlọ: 900 − 70 = 830. 9,400 ÷ 830 = wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 20.
Àbọ̀: 900 + 70 = 970. 9,400 ÷ 970 = wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 41.

Èkejì, àkókò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí bàálù bá kúrò ní ìdúró, ó sì parí nígbà tó bá tó dúró sí ìdí ilé èrò. Bó ṣe ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀, bó ṣe ń gòkè, bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún bàálù lójú ọ̀run náà kì í bá òwú mi mu géérégé. Tí a bá fi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún un fún gbogbo èyí, àlọ á di wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 30, àbọ̀ á di nǹkan bí wákàtí 11. Ó bá tíkẹ́ẹ̀tì mu.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní SS 2 bá mi jiyàn. Ó ní ṣebí ayé ń yí sí ìlà oòrùn, kí ló dé tí bàálù ò kàn dúró lójú kan lókè kí Amẹ́ríkà wá bá a? Ìbéèrè rẹ̀ dára, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó yí wa ká náà ń bá ayé yí. Bí o bá wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń sáré lọ sí Ọ̀rẹ̀, tí o ju ẹ̀pà sókè, àtẹ́lẹwọ́ rẹ ni ẹ̀pà náà á padà sí, kì í lọ lu ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Bọ́ọ̀sì ń gbé ìwọ, ẹ̀pà àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lọ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayé ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká tún fi ìrìn ilẹ̀ wé e. Tí a bá fa òwú láti Òkìtìpupa sí Ìkẹjà, kò ju nǹkan bí 160 kìlómítà lọ. Wákàtí mẹ́fà ni Àǹtí lò lójú ọ̀nà, nítorí gọ́tà, kòtò àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ní wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀, ẹlòmíì ti dé London. Jíjìn nìkan kọ́ ló ń sọ iye wákàtí. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ eré tí ohun tó ń gbé yín ń sá, kí ẹ sì mọ bí ọ̀nà ṣe rí.

4. ẸGÚN KAN ṢÌ KÙ

Mo ti kọ́ Ìyé àgbà ní ìṣirò yìí. Wọn kì í pe Àǹtí láì kọ́kọ́ fi ìka ka mẹ́fà sẹ́yìn. Àfi ìgbà tó di April tí wọ́n pe Àǹtí, tí Àǹtí ní aago 8 àárọ̀ ti lù lọ́hùn-ún. Ìyé àgbà wo aago ògiri wa, aago 1 ọ̀sán ni. Wọ́n ka ìka wọn, wọ́n ní, "Ó yẹ kó jẹ́ aago 7. Ṣé o tún ti tàn mí jẹ ni?"

Mi ò tàn wọ́n jẹ. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ti aago wọn síwájú wákàtí kan ní Sunday kejì oṣù March, kí ìmọ́lẹ̀ lè pẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ wọn. Ní Sunday kìíní oṣù November, wọ́n á dá a padà. Láàárín ìgbà yẹn, wákàtí márùn-ún ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Àwọn ará London náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, láti Sunday tó gbẹ̀yìn March sí Sunday tó gbẹ̀yìn October. Nígbà náà aago wọn àti tiwa á dọ́gba. Ní àwọn oṣù yòókù, wọ́n ń fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Nàìjíríà kì í ti aago sí ibì kankan.

Ìyé àgbà ní, "Òyìnbó! Aago náà ò sinmi lọ́wọ́ wọn."

ÌLÀNÀ TÍ Ẹ Ó MÁA TẸ̀LÉ

(a) Ẹ má yọ àkókò orí tíkẹ́ẹ̀tì kúrò nínú ara wọn láì kọ́kọ́ sọ méjèèjì di aago ìlú kan.
(b) Bí ìlú náà bá wà ní ìwọ̀ oòrùn wa, ẹ fi ìyàtọ̀ aago kún aago wọn kó lè di tiwa. Bí ó bá wà ní ìlà oòrùn, ẹ yọ ọ́.
(d) Ẹ wo oṣù tí ẹ wà, bóyá wọ́n ti ti aago wọn.
(e) Bí ẹ bá ń wá jíjìn, E àti E, ẹ yọ ọ́. E àti W, ẹ ró o pọ̀. Bákan náà ni N àti S.
(ẹ) Bí ẹ bá sọ fún àgbàlagbà pé ẹnìkan á dé ní aago báyìí, ẹ fi wákàtí kan tàbí méjì kún un fún ìdádúró àti àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà. Ọkàn wọn ò le tó tiwa.

Ẹ DÁN ÈYÍ WÒ

1. Bàálù gbéra ní Èkó ní aago 1 ọ̀sán, ó lo wákàtí 1 dé Accra. Aago Gánà fi wákàtí 1 wà lẹ́yìn tiwa. Aago mélòó ló lù ní Accra nígbà tó balẹ̀?

2. Ní oṣù December, bàálù gbéra ní Èkó ní aago 11 àárọ̀, ó balẹ̀ ní London ní 4:30 ìrọ̀lẹ́ aago London. Wákàtí mélòó ló lò?

3. Ní oṣù July, bàálù gbéra ní Èkó ní aago 10 alẹ́, ó lo wákàtí 12 dé Atlanta. Aago mélòó ni lọ́hùn-ún?

4. Ká mú un pé Èkó (6.5°N) àti Paris (49°N) wà lórí longitude kan náà. Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra tó? Ẹ lo 6400 àti 22/7.

Ìdáhùn: (1) Aago 1 ọ̀sán náà ni, àfi bíi pé kò gbéra rárá! (2) Wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 30. (3) Aago 5 ìdájí. (4) Nǹkan bí 4,749 kìlómítà.

Ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú ìṣirò mi, kó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kó jù ú sínú àpótí ẹgbẹ́ oníròyìn wa. Mi ò ní bínú. Ká ní ẹnìkan ti tọ́ mi sọ́nà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyé àgbà ì bá ti sùn.

Èmi ni tiyín, ọmọ ẹgbẹ́ oníròyìn, SS 2.